Ìwé Ìbúra Ìyá Ìjọ

"Ẹ sáà fọwọ́ sí i, Bàbá Tẹ́jú. Tíì yín ti ń tutù."

Láti ìgbà tí Oyinadé ti gbé tíì kalẹ̀ ló ti gbé bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò sì fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìwé ẹyọ kan ló tẹ́ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ìwé ìbúra ni. Bíṣọ́ọ̀bù tuntun ló gbé e dé, ó ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fẹ́ fi joyè nínú ìjọ, tọkọtaya gbọ́dọ̀ búra níwájú Ọlọ́run pé àwọn kò sí nínú ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ kankan. Oyinadé ti fọwọ́ sí apá tirẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ní Ṣọ́ọ̀ṣì Tírófímù Mímọ́ ní Àgídìngbì, wọ́n máa fi í jẹ Ìyá Ìjọ. Ọjọ́bọ̀ nìyí, ọjọ́ kejì sì ni Àlùfáà fẹ́ gba ìwé.

Ẹnjinníà Fọlábí Àjíṣafẹ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní òpópónà Ọba Akran, kò sì sí ìwé tí kì í kà dópin kó tó fọwọ́ sí i, ì báà jẹ́ ti ẹni tó wá fọ kápẹ́ẹ̀tì.

"N kò lè fọwọ́ sí i," ó ní.

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n kọ orúkọ yín gbòdì ni?"

"Orúkọ mi dáa. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́."

Oyinadé rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ọkùnrin náà ń ṣàwàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe aláwàdà. Ó wojú rẹ̀, ẹ̀rín bá gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Tẹ́jú. Ẹgbẹ́ wo?"

"Fírímésìn."

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé báwo ni obìnrin á ṣe bá ọkùnrin sùn fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò ní mọ ibi tó ń lọ. Ta ló mọ ibi tí ọkọ ẹ̀ ń lọ? Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó bá parí oṣù, Ẹnjinníà á wọ kóòtù dúdú, á so táì dúdú, á ní òun ń lọ sípàdé. Oyinadé fúnra rẹ̀ ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń wọ̀ sábẹ́ ẹ̀. Bí àlejò bá béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ náà, á gbérí sókè, á ní, "Wọ́n ti lọ sípàdé àwọn ẹnjinníà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

"Yéè! Tẹ́júọlá ò tíì wọ ilé ìwé nígbà yẹn!"

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ẹ̀jẹ̀ lẹ ń mu?"

"Ẹ̀jẹ̀ wo, Oyin? Èmi tí mi ò lè wo ibi tí wọ́n ti ń pa adìẹ! Bíbélì ló wà ní ṣíṣí níwájú wa. À ń gbàdúrà ká tó bẹ̀rẹ̀, à ń gbàdúrà ká tó túká. Ẹni tí kò bá gba Ọlọ́run gbọ́ ò lè bá wa wọlé."

"Ọlọ́run wo?"

"Ọlọ́run tó dá ọ̀run òun ayé. Ayàwòrán-Ilé Àgbà là ń pè é, ẹni tó ya àwòrán ayé kó tó kọ́ ọ."

"Mi ò bi yín nípa bíríkìlà. Jésù ńkọ́?"

"A kì í dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà níbẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí wà láàárín wa. Ọ̀gá mi àtijọ́ wà níbẹ̀, ará Íńdíà yẹn, ẹ̀sìn tirẹ̀ tún yàtọ̀. Ká má baà ṣẹ ẹnikẹ́ni ni."

"Ẹ ò fẹ́ ṣẹ ará Íńdíà. Jésù lẹ wá rí sẹ́."

"Ta ló sẹ́ ẹ? Ṣebí ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo ń kúnlẹ̀ sí jẹ Oúnjẹ Olúwa."

"Ẹ máa ń búra níbẹ̀?"

"A máa ń búra."

"Ẹni tó bá tú àṣírí, kí ni wọ́n ní kó ṣẹlẹ̀ sí i?"

Oyinadé ò gbójú kúrò lára rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni," ó ní níkẹyìn. "Wọ́n ní kí wọ́n gé ọ̀fun rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gé ọ̀fun ẹnikẹ́ni, Oyin."

"Ọ̀fun tẹ́ ẹ fi ń gbé ara Olúwa mì náà ni?"

Oyinadé ti dìde dúró. Inú ń bí i, ojú ń tì í, kò sì mọ èwo ló ṣáájú.

"Ó dáa. Ẹ fi í sílẹ̀ lónìí. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní nínú ẹ̀ jáde, ká lọ jó o lójú Àlùfáà."

"Nítorí oyè?"

"Nítorí Ọlọ́run!"

"Tó bá jẹ́ pé nítorí Ọlọ́run ni, o ò ní máa wo aago."

Lóòótọ́ ni, aago ara ògiri ló ń wò. Ó gbójú kúrò.

"Nígbà tí ilé iṣẹ́ dá wa dúró," Ẹnjinníà ní, "tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi dè ní ọsibítù, ta ló wá? Àlùfáà ìgbà yẹn wá lẹ́ẹ̀kan. Ó béèrè bóyá ara mi á ti le kí n lè ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ Ìkórè. Àwọn ará ẹgbẹ́ yẹn pín ọjọ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò sí ọjọ́ tí mo lajú tí mi ò rí ẹnì kan lórí àga. Ìwọ gan-an, ta lo rò pé ó gbẹnu sọ fún ọ tí ilé iṣẹ́ fi gbé aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ fún ọ rán?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló gún un jù. Oyinadé ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Pẹn Sinimá, ní Agége, aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló sì sọ ọ́ di èèyàn. Nígbà tí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ jáde, ó gbé ìdúpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jó débi tí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní òun ò mọ ẹnì kankan, Olúwa nìkan ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ó ní.

"Ìwọ lo ń bi mí."

"Ẹ fọwọ́ sí i nígbà náà! Ẹ ti purọ́ fún mi fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kí ni ẹyọ kan sí i?"

"Mi ò purọ́ fún ọ. Ìpàdé ni mo ní mò ń lọ, ìwọ lo pè é ní ti ẹnjinníà. Mo búra pé mi ò ní sọ. Mi ò búra pé màá purọ́. Mi ò ní fi orúkọ Ọlọ́run búra irọ́, kódà nítorí tìrẹ."

Ó gbé tíì tútù náà mu tán lẹ́ẹ̀kan, ó dìde lọ bomi sí òdòdó. Irú òótọ́ wo lèyí, ẹ̀yin èèyàn? Òótọ́ tó sá pamọ́ nígbà tó yẹ kó jáde, tó wá ń yan fanda lọ́jọ́ tó máa ba ti ẹni jẹ́!

*

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Oyinadé gba ilé Bàbá Oyèkànmí lọ ní Ọ̀rílé Agége. Bàbá ni wọ́ọ̀dìn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sí ìjà tọkọtaya nínú ìjọ tí wọn ò bá wọn parí rí. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ́ rédíò. Oyinadé kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó ń sunkún.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Bàbá, kó kúrò níbẹ̀. Ó máa gbọ́ tiyín."

Kò ya Bàbá lẹ́nu, kò sì jọ pé inú bí wọn. "Kí ló ní kò jẹ́ kóun fọwọ́ sí i?"

"Ó ní òun ò lè búra irọ́."

Bàbá pòṣé. "Oníyọnu ẹ̀dá! Bó ṣe máa ń ṣe láàárín wa náà nìyẹn, bí ẹni pé òun nìkan ló ní ẹ̀rí ọkàn."

"Láàárín yín, Bàbá?"

Bàbá na ọwọ́, wọ́n dín ohùn rédíò kù. Ojú ò tì wọ́n, ohun tó dun Oyinadé nìyẹn. Ṣe ni wọ́n kàn ń wò ó bí ẹni tó pẹ́ kó tó mọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

"Ẹ̀yin náà sì fọwọ́ sí ìwé ìbúra," ó ní. "Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i."

"Mo fọwọ́ sí i. Màmá ilé mi náà fọwọ́ sí i. Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ ìwé, a fún un ní ìwé. Ọmọ mi, àwọn bàbá tí orúkọ wọn wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, àwọn tó ra ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀, kí lo rò pé wọ́n jẹ́? Bí wọ́n bá ní kí gbogbo wa jáde, ta ló máa kù nílé Ọlọ́run? Àwọn akọrin?" Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara wọn. "Ṣé o mọ bí ọkọ ẹ ṣe ń fọwọ́ síwèé?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó parí náà nìyẹn. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

Oyinadé ronú dé ilé. Bó bá lọ sọ fún Àlùfáà, oyè lọ nìyẹn. Wọ́n á fi ọkọ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Bàbá Oyèkànmí á gbé Bíbélì sókè, á búra lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo ìjọ á sì gbà á gbọ́.

*

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ fi pè é láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

"Oyinadé, ṣé iwájú ni wọ́n máa fi mí sí?"

"Iwájú ni, Màámi."

"Iwájú pátápátá?"

"Ìlà kìíní, Màámi."

"Mo ti fọ ìró mi. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi fẹ́ di Ìyá Ìjọ."

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká Oyinadé lára. Ìyàwó kejì ni ìyá rẹ̀. Nígbà ayé bàbá rẹ̀, ìjọ ìlú wọn kì í fún ìyàwó kejì ní Oúnjẹ Olúwa. Wọ́n á gba ìdáwó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, ṣùgbọ́n bí àwọn ìyálé bá tò lọ síbi pẹpẹ, ìjókòó ẹ̀yìn ló máa wà, òun àti àwọn obìnrin bíi tirẹ̀. Oyinadé wà ní ọmọ ọdún méje nígbà tó béèrè pé, "Màámi, kí ló dé tẹ́yin kì í lọ jẹ ẹ́?" Ìyá rẹ̀ fi etí ìró nu imú fún un. "Ebi ò pa mí," ó ní.

Ọdún méjìlélógún ni Oyinadé fi sin ẹgbẹ́ obìnrin ní Tírófímù Mímọ́. Ó bẹ aláìsàn wò, ó wẹ òkú, ó gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ àwọn tó tó bí lọ́mọ. Kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ nìkan. Ó fẹ́ kí ìyá yẹn jókòó níwájú kó tó kú, ó sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Ó fa bébà pupa tí wọ́n fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó mú bírò. Èyí tó kọ́kọ́ kọ wọ́. Ìkejì dàbí ti ọmọdé. Nígbà tó fi máa di ìkọkànlá, ọwọ́ Fọlábí Àjíṣafẹ́ ló ń wò. Ó fa ìwé ìbúra jáde nínú báàgì, ó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìmí. Lẹ́yìn náà ló wá ya bébà pupa náà sí wẹ́wẹ́. Ó korò lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó jẹ ewúro láìfọ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Àlùfáà ti gba ìwé náà, ó ti wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹnjinníà náà ti búra. Olúwa á bù kún ilé yín."

"Àmín, sà," Oyinadé ní.

*

Lọ́jọ́ Àìkú, Ẹnjinníà wọ agbádá funfun, ó jókòó ti ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ìlà kìíní. Kò mọ nǹkan kan. Oyinadé ti sọ fún un pé Àlùfáà gbà kóun nìkan fọwọ́ sí i, ó sì ti ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Àlùfáà pe Oyinadé jáde. Ó gbé ìwé ìbúra sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i.

"Ìdílé tó mọ́ nìyí! Ọkọ búra, aya búra! Ẹ wo ọwọ́ àwọn méjèèjì!"

Ìjọ hó yèè. Bàbá Oyèkànmí, pẹ̀lú ọ̀pá wọ́ọ̀dìn lọ́wọ́ wọn, ni Àmín tiwọn dún jù. Oyinadé ò wo ìwé, kò wo Àlùfáà. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ẹnjinníà nawọ́ sí awò ojú rẹ̀, ó wo ìwé náà láti ibi tó jókòó sí, ó sì mọ̀. Oyinadé rí i pé ó mọ̀. Ó ń retí kó dìde tako ìwé náà.

Ó dìde lóòótọ́. Wọ́n ní kí ọkọ wá bá Ìyá Ìjọ tuntun fi sáàṣì oyè kọ́rùn. Ó wá, ó fi í kọ́ ọ lọ́rùn, ó tún un ṣe kó má wọ́. Ìyá àgbà ń sunkún ayọ̀, ó ń fi ìró nu ojú.

Nígbà tí wọ́n délé, àlejò kún pálọ̀. Oyinadé wọ yàrá lọ tú gèlè, Ẹnjinníà tẹ̀lé e wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"O ṣe é dáadáa," ó ní. "Bí wọ́n bá gbé e wá fún mi ní ilé ẹjọ́, màá ní èmi ni."

Oyinadé jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ti ìyá rẹ̀, ti Bàbá Oyèkànmí, ti ọdún méjìlélógún. Èyí tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò sí lára wọn.

"Ṣé ẹ máa sọ fún Àlùfáà?"

"Kí n sọ pé kí ni?" Ó ṣí fìlà, ó ká a sí méjì. Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀, ì bá sàn kó wà níbẹ̀. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń bá àwọn ọkùnrin pa àṣírí mọ́. Tìẹ ò lè wúwo ju tiwọn lọ. Fọkàn balẹ̀." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ṣùgbọ́n láti òní lọ, má bi mí mọ́ pé Ọlọ́run wo."

Ó jáde, ó ń kí àwọn àlejò, wọ́n ń bá a yọ̀.

"Ìyá Ìjọ o!" Ohùn ìyá rẹ̀ ni, láti pálọ̀. "Ìyá Ìjọ! Ẹ máa bọ̀, ẹ wá gbàdúrà sí oúnjẹ fún wa."

Ìyá tó bí i ló ń fi ẹ bá a sọ̀rọ̀. Oyinadé nu ojú, ó tún sáàṣì ọrùn rẹ̀ ṣe.

"Mò ń bọ̀, Màámi."