Kí Wọ́n Tó Pe Orúkọ Dókítà

“Ṣé wọ́n ti kọ̀wé?” ni Dókítà bi àbúrò rẹ̀.

Agbẹjọ́rò da ojú fóònù rẹ̀ dé orí tábìlì, bí ẹni da ìkòkò dé ohun tí kò fẹ́ kí eṣinṣin bà lé. “Wọn ò tíì kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi.”

Irọ́ ni. Láti òwúrọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wà lójú fóònù náà. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kọ́kọ́rọ́ ló kọ ọ́, torí kò sẹ́ni tó lè wọlé tọ ààrẹ tuntun lọ àfi tó bá ṣílẹ̀kùn fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti ka ìbò tán ni àwọn mélòó kan tó sún mọ́ ààrẹ ti ń kọ̀wé síra wọn ní ìkọ̀kọ̀. Wọn á dárúkọ ẹnì kan, wọn á yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn bí ẹni ń ra àgbò, lẹ́yìn náà wọn á pa ọ̀rọ̀ ọ̀hún rẹ́. Agbẹjọ́rò wà lára wọn. Ẹnu rẹ̀ mú. Ó ti bá wọn yọ orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn dànù láìbojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó.

“Gbogbo wa ti fohùn ṣọ̀kan lórí Dókítà fún mínísítà ìlera,” ni Kọ́kọ́rọ́ kọ. “Ẹ̀gbọ́n rẹ ni, ìwọ lo mọ̀ ọ́n délé. Bí ohunkóhun bá wà tí a ò mọ̀, sọ ọ́. Bí o bá dákẹ́ di ọ̀sán gangan, a gbà pé kò sí nìyẹn, ààrẹ á pe orúkọ rẹ̀.”

Kó ṣáà ti dákẹ́ ni. Kò ní í purọ́ fún wọn, kò ní í jalè, kó ṣáà ti panu mọ́.

Lábẹ́ fèrèsé, awakọ̀ Dókítà ń fọ ọkọ̀. “Ẹ rọra kọjá o!” ó ń kígbe sí aládùúgbò kan. “Ọkọ̀ mínísítà lẹ fẹ́ fara nù yẹn!”

“Mínísítà tí táyà rẹ̀ ti pá bí orí bàbá mi?”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín nínú àga rẹ̀, ó fọwọ́ kan táì tí ìyàwó rẹ̀ so fún un láti àárọ̀.

Agbẹjọ́rò ń wo ọwọ́ yẹn. Nígbà tí bàbá àti ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti di ẹrù tán láti lọ kàwé lókè òkun. Ó tú ẹrù náà palẹ̀. Ó ní bí òun bá lọ, ta ni yóò máa di irun àbúrò òun? Ó ń dì í lóòótọ́, kì í gún, wọ́n sì ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tó jáde ní jágajàga.

Ní oṣù tó kọjá, ọwọ́ yìí kan náà wakọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí Dókítà ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó wọ aṣọ funfun, ó wọ yàrá àwọn ọmọdé, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Oògùn tó kọ fún ọmọ ọwọ́ kan, ìwọ̀n rẹ̀ lè dá géńdé dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí Dókítà ti kọ́ níṣẹ́ rí ló tètè rí i, ó sì rọra mú ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wálé. Agbẹjọ́rò nìkan ni ìyàwó Dókítà sọ fún.

Ìyàwó náà gbé omi wọlé. Ó wo fóònù, ó wo ojú àbúrò ọkọ rẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́ bọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá.

“Adúmáadán, wọ́n ti kọ̀wé. Ojú yín ti sọ fún mi.”

Agbẹjọ́rò na fóònù sí i. Ìyàwó kà á tán, ó dì í mọ́ àyà. “Ẹ ṣáà dákẹ́. Àìríṣẹ́ṣe ló ń jẹ ẹ́ lórí. Ọ̀bẹ tí a kò fi gé nǹkan ló ń dípẹtà. Bó bá débẹ̀, orí rẹ̀ á jí. Ṣé mínísítà ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ ni?”

“Òun ló máa fọwọ́ sí oògùn tí wọ́n máa kó wọ gbogbo ilé ìwòsàn, ìyàwó wa.”

“Ẹ̀yin tó dirun fún!”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú…”

“Ẹ gbé òwe yín lọ sí kóòtù! Ọkọ mi ni mò ń sọ. Mi ò ní í fún yín ní fóònù yìí títí ọ̀sán á fi pọ́n.”

“Kí lẹ̀ ń jà lé lórí?” Dókítà ti dìde dúró.

Ìyàwó rẹ̀ mi orí sí Agbẹjọ́rò: rárá. Agbẹjọ́rò kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Wọ́n ti kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ṣé ohun kan wà tí wọn ò mọ̀. Ẹ̀yin ni dókítà. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe ohun tẹ́ ẹ ṣe ní yàrá àwọn ọmọdé lóṣù tó kọjá, ṣé ẹ máa jẹ́ kó padà síbẹ̀?”

Dókítà di apá àga mú. “Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó wà láàyè?”

“Ó wà láàyè.”

“Ọlọ́run ṣeun.” Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ le. “Ìwọ! Ìwọ tí mo fi ọwọ́ mi méjèèjì tọ́, ìwọ lo fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé mi lọ́rùn! Dìde! Jáde nílé mi!”

Agbẹjọ́rò kò dìde. Dókítà kẹ̀yìn sí i, ó lọ dúró lójú fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Nísàlẹ̀, awakọ̀ ń da omi sí ọkọ̀, ọṣẹ ń ṣàn lọ.

Nígbà tí Dókítà yíjú padà, ìbínú ti lọ. Ó jókòó, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Àbúrò! Ìgbà wo lo dé? Kí lo kúnlẹ̀ ṣe? Ṣé wọ́n ti kọ̀wé?”

Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ kan bo ẹnu. Ọwọ́ kejì ló fi rọra fa fóònù yọ láyà, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Agbẹjọ́rò. Ó wá bọ́ sẹ́yìn àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú táì náà lọ́rùn ọkọ rẹ̀.

“Wọ́n ti kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi,” ni Agbẹjọ́rò wí. “Mo fẹ́ dá wọn lóhùn báyìí.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò yẹ ká máa dá èèyàn dúró. Bá mi kí wọn o.”

Ohun tó kọ́kọ́ kọ náà nìyẹn: “Dókítà ní kí n kí yín.” Ó nu ojú rẹ̀, ó sì kọ ìyókù.