Ìdì Poroporo Bùkọ́lá

Títíloyè fẹ́ràn Ògoolúwa débi pé bí ọkùnrin náà bá wúkọ́ ní Uselu nílùú Bìní, àyà tirẹ̀ ni yóò máa dùn ún ní Ekenwan Road. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó pé ọdún méjì tí wọ́n ti ń fẹ́ra, síbẹ̀ Ògoolúwa kò wò ó rí bó ṣe wo Adébùkọ́lá nínú fọ́tò tó wà ní pálọ̀. Adébùkọ́lá ni ìyàwó rẹ̀ tó kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ògoolúwa á wo Títíloyè lóòótọ́, á rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ojú náà kì í délé.

Ní Sátidé tí ìyá Ògoolúwa ti Ṣakí dé láti wá wo ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé níyàwó, màmá kò béèrè ìdílé, kò béèrè iṣẹ́.

"Wàrà pupa ni kí o sè fún mi," ló wí. "Bí mo bá jẹ ọwọ́ rẹ, màá mọ irú ẹni tí o jẹ́."

"No wahala, mà. Màá sè é."

"Nó wàhálà kẹ̀! Yorùbá ẹnu rẹ yìí, bíi gàrí tí kò rí omi tó ni. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Bìní!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti Títíloyè kò dénú, nítorí kò se wàrà pupa rí láyé rẹ̀.

Ó rí wàrà funfun rà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan nítòsí Santana Market. Èyí tó ṣòro ni poroporo ọkà bàbà, èèpo gbígbẹ tí àwọn àgbà ń bọ̀ sómi kí wàrà lè pọ́n, kí àwọ̀ inú ìgò tó gbòde. Ó yí ọjà náà po, kò rí i.

"Aunty, ra kọ́lọ̀ jàre," ni ọmọge kan wí, ó na ìgò kékeré sí i. "Pupa ṣáà ni pupa."

Títíloyè kọ̀. Ta ní í fi kọ́lọ̀ tan ìyá ọkọ jẹ?

Bó ṣe padà dé ilé Ògoolúwa tó ń wá ìkòkò ní kíṣìnnì, ọwọ́ rẹ̀ ba ohun kan tí wọ́n fi aṣọ wé sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Poroporo ni! Ó ti gbẹ, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́, òwú funfun ni wọ́n fi dì í ní kókó mẹ́ta. Títíloyè kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ní Ọlọ́run ló fẹ́ kí òun lọ́kọ, ó sì gbé e lọ sídìí ààrò èédú ní ẹ̀yìnkùlé.

Omi kò tíì hó tó fi pọ́n. Ó pọ́n bí ètè obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń ti ìrìn àjò bọ̀. Àfi bí ọwọ́ Títíloyè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ó da omi àkọ́kọ́ sẹ́bàá ògiri, ó bu omi mìíràn. Ọwọ́ òsì ló fi bu iyọ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Ìgbà tó yá ló gbọ́ tí ẹnì kan ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ó sì tó ìṣẹ́jú kan kó tó mọ̀ pé ọ̀fun òun ni orin náà ti ń jáde. Kò mọ orin náà rí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, síbẹ̀ òtútù mú un lọ́rùn.

Ó gbé wàrà síwájú wọn. Màmá mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ dúró.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Níbo lo ti rí poroporo?"

Kó tó dáhùn, Ògoolúwa ti fi tirẹ̀ sẹ́nu. Ó dijú. Nígbà tó la ojú, ó wo Títíloyè, ojú inú fọ́tò yẹn gan-an ló fi wò ó. Ọkàn Títíloyè yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Ògoolúwa mú ọwọ́ rẹ̀, ó fẹnu ko ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"O pẹ́ kí o tó dé," ló wí jẹ́jẹ́. "O pẹ́ gan-an, Bùkọ́lá mi."

Màmá ti fa Títíloyè jáde sí ẹ̀yìnkùlé kó tó lè ké.

"Ìdì poroporo kan ni mo máa ń fún ìyàwó tó bá wọ ilé wa," ni màmá wí. "Tó bá kú, ọkọ rẹ̀ á sun ìdì náà. Ògo búra fún mi pé òun ti sun ti Bùkọ́lá. Bí o bá ń fi í se oúnjẹ fún un, yóò fẹ́ràn rẹ ju bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ìyàwó lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ni yóò máa fẹ́."

Títíloyè wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti pọ́n títí dé ọrùn ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò kúrò. Ó rò ó. Ojú tí òun fi ọdún méjì wá nìyẹn, òun ti rí i báyìí. Kí ló tún kù? Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n ta ló máa pe Títíloyè nínú ilé yìí mọ́?

Ó gbé ìdì náà nídìí ààrò, ó sọ ọ́ sínú iná.

"Bùkọ́lá!"

Ògoolúwa ti já lu ààrò. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀yinná, ó yọ ìdì náà, ó gbá a mọ́ àyà. Èéfín ń rú láti ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò tiẹ̀ mira.

"Ògo," ni Títíloyè pè é, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ògo, èmi ni. Títí ni."

Ògoolúwa wò ó bí ẹni tó rí ẹni tó yà wá béèrè ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, mà," ló wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Mi ò mọ̀ pé a ní àlejò." Ó sì wọlé lọ.

Màmá so gèlè rẹ̀ le. Ó gbé báàgì Títíloyè fúnra rẹ̀. "Wá, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sìn ọ́ dé títì."

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kíṣìnnì ni wọ́n gbà kọjá. Ògoolúwa ń sọ̀rọ̀ nínú ibẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Lẹ́yìn náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

Títíloyè dúró, ó tẹ́tí.

"Má gbọ́ ọ," ni màmá wí, ó sì fà á lọ́wọ́ jáde ní géètì.