Omi Inú Kẹ́ẹ̀gì Bàbá

N kì í ṣe ẹni tí nǹkan máa ń tètè yà lẹ́nu. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì, tó ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ahọ́n tọ́ ásíìdì wò, kí ló tún kù tó máa ya irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ẹnu mi là sílẹ̀ níwájú kíláàsì, n kò sì rí i pa dé.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dá lórí bí omi ṣe máa ń ki àti bó ṣe máa ń là. Mo ti sọ ọ́ fún wọn títí ó fi sú mi: ohun tó bá yòrò sínú omi kò sọnù, ó wà níbẹ̀, ojú ni kò rí i. Da síbí iyọ̀ kan sínú ife omi, ó ki. Da síbí kan náà sínú garawa omi, ó là. Iyọ̀ náà kò dín, omi ló pọ̀ sí i. Wọ́n ń mi orí pé ó ti yé wọn, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yá ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Ìjagun. Ẹ̀rọ náà kò ju bírò lọ. Tí o bá tì í bọ omi, á fi nọ́ńbà sọ bí ohun tó yòrò sínú omi náà ṣe pọ̀ tó. Mo gbé ife mẹ́ta kalẹ̀. Omi kànga ilé wa wà nínú èkínní. Omi Zamzam wà nínú èkejì, èyí tí Fatihah, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, fún mi nígbà tó ti Mẹ́kà dé lọ́dún yìí. Omi Zamzam náà ló wà nínú ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ti bàbá mi nìyẹn.

Bàbá mi, Alhaji Síkírù, ló gbé e ti Mẹ́kà bọ̀, odidi kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá, kó tó ṣàìsàn tó sì kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìyá ló gbé e wá fún. Ó ní lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, omi náà ni kí a kán sí Ìyá lẹ́nu, omi náà ni kí a sì fi wẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà ni kẹ́ẹ̀gì ti wà nínú wọ́dúróòbù Ìyá. Ní báyìí, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ìyá ní ìbàdí lọ́jọ́ Ẹtì, dókítà sì ti sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó bó ṣe yẹ. Ohun kan ṣoṣo tí Ìyá ní kí n má gbàgbé ni kẹ́ẹ̀gì yẹn. Ó ní òun kò ní wọ ọsibítù láìsí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Nígbà tí mo gbé e jáde láti nù ún ni mo bu díẹ̀ sínú ìgò fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé Zamzam máa ń ki ju omi kànga wa lọ dáadáa. Mo ti ẹ̀rọ bọ ti kànga: ọgọ́ta ó lé díẹ̀. Mo tì í bọ ti Fatihah: ó ju ẹgbẹ̀rin lọ. Ni mo bá ti ẹ̀rọ bọ ti Bàbá.

Ọgọ́ta ó lé díẹ̀.

Mo nu ẹ̀rọ, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Nọ́ńbà kò yí padà. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ní, "Mà, ti Bàbá yín ti là o," gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. N kò lè bá wọn wí. Ńṣe ni mo dé ìgò Bàbá, mo sì fi í sínú báàgì mi.

Abdulrauf, àbúrò mi ọkùnrin, ló ń bá Ìyá gbé nínú ilé. Bí mo ṣe wọlé lọ́sàn-án ni mo fà á lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì bi í léèrè. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi jẹ́wọ́. Ó ní lóòótọ́, tí ọ̀ràn bá ti le, òun máa ń mú kọ́kọ́rọ́ wọ́dúróòbù lábẹ́ ìrọ̀rí Ìyá, òun á bu ife kékeré kan mu, òun á sì da omi mìíràn dípò rẹ̀. Ó ní ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo Alhaji ìlú yìí ń ṣe nígbà tí wọ́n bá dé, tí wọ́n á da Zamzam díẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù omi kí ó lè kárí àdúgbò. Alùbáríkà rẹ̀ kì í dín.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí, bó ti dàgbà tó yẹn. Mo bi í pé ìgbà mélòó ló ti bù ú. Ó búra pé kò pé ìgbà mẹ́wàá láti ìgbà tí Bàbá ti kú.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà mí gan-an, nítorí mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìdúró. Ife kékeré kan nínú lítà mẹ́wàá kò tó nǹkan. Bó bá tiẹ̀ bù ú nígbà mẹ́wàá, tó sì ń da omi sí i, ó yẹ kí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún Zamzam Bàbá ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀rọ ì bá ju ẹgbẹ̀ta lọ fíìfíì. Bíbù díẹ̀díẹ̀ a máa sọ omi di èyí tó là, kì í sọ ọ́ di òfìfo. Ẹni tó sọ ọ́ di omi kànga lásán ní láti da gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ṣàlàyé fún Abdulrauf. Ó jókòó sórí àpáta ìfọṣọ, ó ní, "Ta ló wá dà á nù?" Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀rù ba èmi náà. Bí Ìyá bá gbọ́ èyí ṣáájú ọjọ́ Ẹtì, ṣé ọkàn tí dókítà ń sọ yẹn á gbà á?

A pinnu pé a ò ní sọ fún un. Mo ní kí n rọ èyí tó kù nínú ìgò Fatihah sínú kẹ́ẹ̀gì. Kò tó ìlàjì lítà, mo sì mọ̀ pé yóò là dànù níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí irọ́ náà má jẹ́ irọ́ pátápátá. Mo wọ yàrá Ìyá, mo ṣí kẹ́ẹ̀gì, mo ti gbé ìgò náà sókè nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá Ìyá lẹ́nu ọ̀nà.

"Azeemah, má da tìẹ sí i," ni Ìyá wí. "Gbé e dúró."

Mo ní mo kàn fẹ́ fi kún un ni. Ìyá rọra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó wo èmi, ó wo Abdulrauf tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí olè.

"Ẹ ti mọ̀, àbí?"

Ìyá wá sọ ọ́ fún wa, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ó ní lọ́jọ́ tí Bàbá kú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ gan-an, Bàbá sì ní kí Ìyá bu omi yẹn fún òun. Ìyá rán an létí pé ti òun Àsíátù ni, Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó yá òun. Ó mu ún yó. Nígbà tí ẹ̀mí bọ́, Ìyá ti ilẹ̀kùn, ó sì fi gbogbo èyí tó kù wẹ ọkọ rẹ̀.

"N kò fi ẹ̀kán kan sílẹ̀," ni Ìyá wí. "Ẹ̀yin ń sunkún ní pálọ̀. Abdulrauf ń wí pé omi Bàbá ṣáà ṣì wà lọ́dọ̀ Ìyá. Mo gbọ́ ọ. Ni mo bá lọ fa omi kànga, mo rọ ọ́ kún, mo dé e."

Abdulrauf fi ọwọ́ bo ojú. Gbogbo ife tó ti ń mu láti ọjọ́ yìí, omi kànga ni. Ó yà mí lẹ́nu, ó dùn mí, ojú sì ń tì mí pé mo ti ẹ̀rọ bọ ohun tí kò kàn mí. Mo bẹ Ìyá pé kó jẹ́ kí n lọ bá Fatihah gba Zamzam gidi tí yóò gbé lọ sí ọsibítù. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ta ló gbẹ́ kànga yẹn?" ló bi mí.

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bàbá ló gbẹ́ ẹ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, lọ́dún tí wọ́n kó wá sílé yìí, nígbà tí agbára kò tíì ká àtigba àwọn agbẹ́kànga. Ìyá ló dúró lókè, tó ń fa erùpẹ̀ jáde bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń kó o sínú garawa nísàlẹ̀.

"Ìyẹn ni kí ẹ kán sí mi lẹ́nu," ni Ìyá wí.

Omi tí mo mú lọ sí kíláàsì ṣì kù díẹ̀ nínú ìgò, nínú báàgì mi. Mo mú un jáde, mo da gbogbo rẹ̀ padà sínú kẹ́ẹ̀gì, mo gbọn ìgò náà títí kò fi kán mọ́, mo sì dé kẹ́ẹ̀gì pa.