Àlejò Nìkan Là Ń Wọn Ẹsẹ̀ Rẹ̀

Àlejò nìkan ni wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Gaudenz Pfurner. Bí ọmọ abúlé Obergrall bá wọlé wá ra bàtà síkì, bàtà líle tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, Gaudenz á kàn fa dúrọ́ọ̀ ńlá kan yọ, á mú káàdì tó ti ya ẹsẹ̀ ẹni náà sí láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, á wò ó fìrí, á sì gbé bàtà wá. Ó parí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n tún òun wọ̀n ti sọ ara rẹ̀ di àlejò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ iyì ni, àwọn ará Obergrall sì fẹ́ràn iyì wọn ju ẹsẹ̀ wọn lọ.

Notburga, ọmọ Gaudenz, ló ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ ní ìlú Innsbruck, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù onígi inú ṣọ́ọ̀bù ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, tó ń wo ọwọ́ ọmọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Vigil Ennemoser wọlé, ó gbá bàtà rẹ̀ mọ́ abíyá. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ogójì ọdún ló sì ti fi wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa àwọn tíṣà iléèwé síkì. Òun ló kọ́ Notburga fúnra rẹ̀ ní síkì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀ràn kan ló gbé e wá. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá iléèwé máa dúró nísàlẹ̀ òkè Rotwand, á máa wo gbogbo tíṣà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá dúró sinmi lójú ọ̀nà á bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni Vigil dúró, wọ́n kàn bò ó láṣìírí ni. Ọ̀gá tuntun yìí kì í bo ẹnikẹ́ni.

“Bá mi fẹ̀ ẹ́, Burgl,” ni Vigil wí, orúkọ tó ti ń pe Notburga láti kékeré nìyẹn. “Ó ń fún mi pa. Tí mo bá fi máa dé ìdajì òkè, mi ò ní mọ̀ bóyá mo ṣì ní ọmọ ìka ẹsẹ̀.”

Notburga gba bàtà náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìdè irin mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, eyín tó kẹ́yìn pátápátá ni wọ́n sì ti ń fà wọ́n dé, nítorí ibẹ̀ ló ti dán. Ta ló ń fa bàtà tó ti fún un tẹ́lẹ̀ dé eyín tó kẹ́yìn? Ó ní kí Vigil bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Vigil yíjú sí Gaudenz. Gaudenz wúkọ́, ó ní káàdì Vigil wà nínú dúrọ́ọ̀.

“Mo mọ̀, Bàbá. Ẹsẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rí.”

Ó fa tìmùtìmù inú bàtà jáde, ó ku eepo líle rẹ̀ nìkan, ó sì ní kí Vigil ki ẹsẹ̀ lásán bọ̀ ọ́ kí ó sì ti ọmọ ìka rẹ̀ dé iwájú. Lẹ́yìn náà ló ki ìka ọwọ́ bọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọkùnrin náà. Ìka kan ló yẹ kó gbà, ó pọ̀ jù kó gba kan àti ààbọ̀. Ìka mẹ́ta wọlé, ààyè ṣì ṣẹ́ kù. Ó wọn ẹsẹ̀: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bàtà: méjìdínlọ́gbọ̀n.

Ó lè fi ẹ̀rọ gbígbóná fẹ bàtà náà díẹ̀, kí Vigil dúpẹ́, kó máa lọ, kó sì lọ tẹ́ lójú gbogbo ayé lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Notburga kò sí lára wọn.

“Tíṣà, bàtà yín ò kéré rárá. Ó tóbi jù ni. Ẹsẹ̀ yín ń rìn kiri nínú rẹ̀, ẹ wá ń fi ìdè dì í pa kó má baà rìn. Ìdè yẹn ló ń dá ẹ̀jẹ̀ yín dúró.”

Ẹ̀rín tí Vigil rín kì í ṣe ẹ̀rín inú dídùn. Bàtà tó tóbi, fún tíṣà síkì! Àwọn tó ń bá bọ́ọ̀sì wá láti ìlú ńlá ló ń wọ ìyẹn. Ó ní ó dà bíi pé ẹ̀kọ́ Innsbruck ti ta sí i lórí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Bàbá rẹ tó jókòó yìí ló yan ìwọ̀n yẹn fún mi. Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé Gaudenz ò mọ iṣẹ́?”

Notburga lọ fa dúrọ́ọ̀, ó mú káàdì, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì lójú àwọn méjèèjì. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Gaudenz ti fi pẹ́ńsù kọ méjìdínlọ́gbọ̀n, ní ọdún tí Vigil ṣẹ́ lọ́rùn ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ náà wú bíi búrẹ́dì tó gba ìwúkàrà. Láti ọdún yẹn, pẹ́ńsù yẹn ni gbogbo bàtà Vigil ń tọ̀ lẹ́yìn.

“Bàbá ò ṣì í nígbà náà,” ni Notburga wí. “Ẹsẹ̀ yín wú lóòótọ́. Ó ti rọ̀ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, a ò sì wọ̀n ọ́n mọ́. Ẹ̀bi wa ni. Bàbá, tí mo bá parọ́, ẹ sọ ọ́.”

Gaudenz ki igi kan bọ sítóòfù.

Notburga gbé bàtà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá. Vigil wọ̀ ọ́, ó dìde, ó ní ọmọ ìka òun ti kan iwájú, ṣé òun ò sọ. Notburga ní kó jẹ́ kó kàn án bẹ́ẹ̀, kó ṣáà tẹ orúnkún. Ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti kékeré, ọmọ ìka fà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì yí padà. Notburga ní kò gbọdọ̀ bọ́ ọ fún wákàtí kan, ó sì fún un ní kọfí àti búrẹ́dì pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín gbẹ. Nígbà tó bọ́ ọ, ibi tí egungun tó ṣẹ́ nígbà kan ti yọ gọngọ ti pọ́n. Notburga mú kí eepo bàtà náà gbóná níbẹ̀, ó sì tì í síta. Eyín kejì péré ló fa àwọn ìdè náà dé.

“Tí ẹ bá dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ bà mí lórúkọ jẹ́ ní gbogbo ilé ọtí tó wà lábúlé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní dúró.”

Vigil gbé bàtà lọ láìdúpẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Notburga ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ dúró nísàlẹ̀ Rotwand láàárín èrò. Ojú yìnyín le gbagidi. Ẹnì kẹta ni Vigil. Ó dé ibi tó ti kọ́kọ́ dúró lọ́dún tó kọjá, ó kọjá. Ó dé ibi kejì, ó tẹ orúnkún, ó yí, ó kọjá ibẹ̀ náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó gba iwájú ọ̀gá kọjá láìwò ó, ó lọ dúró nídìí ọgbà, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn. Notburga lọ bá a, ó rí i pé ó ń sunkún.

“Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Burgl,” ni Vigil wí. “Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ti kú ni. Mo ní kí Kreszenz ìyàwó mi máa dá gun òkè lọ, pé mo ti darúgbó. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí nígbà yẹn o.”

Notburga dúró tì í.

Ní ọjọ́ Ajé, kó tó ṣílẹ̀kùn, ènìyàn mọ́kànlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ abúlé ni gbogbo wọn. Oníkálukú ní ńṣe ni òun ń kọjá lọ, ìbọ̀sẹ̀ tó mọ́ tónítóní ló sì wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ó wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún nínú wọn ló ti ń wọ ìwọ̀nkíwọ̀n.

Nígbà tí ẹni ìkẹyìn lọ, Gaudenz dìde kúrò nídìí sítóòfù. Ó wá jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Notburga kò rí ẹsẹ̀ lásán bàbá rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dàgbà. Àwọn ọmọ ìka gun ara wọn lórí, èékánná méjì ti dú.

“Wọn tèmi náà,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ó ti ń dùn mí tipẹ́. Èmi ni mò ń ta bàtà fún gbogbo wọn, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?”

Notburga kúnlẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún rẹ̀.