Ohun tí Tíṣà Caleb Kò Sọ

"Ta ló ní kí o kọ èyí?"

Azeezat dorí kodò. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí àjákù aṣọ kún, ló ń wò. Ìyá rẹ̀ Mẹ̀dínátù, tó ń ránṣọ ní Òkè-Ọ̀dàn, ń tú etí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ kí ó lè gùn sí i ni bébà kan fi jábọ́ láti inú àpò rẹ̀. Lẹ́tà ìdúpẹ́ ni, sí Tíṣà Caleb, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá láti Ìlaròó láti kọ́ wọn fún sáà kan, nítorí pé tíṣà wọn gan-an lọ bímọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Caleb yóò padà lọ.

Mẹ̀dínátù tún un kà. *Ẹ ṣeun, sà, tí ẹ mú mi wá jókòó sítòsí yín. Ẹ ṣeun fún gbogbo ìgbà tí ẹ dúró tì mí lẹ́yìn tí a bá ti jáde. Èyí tí mo dúpẹ́ rẹ̀ jù ni pé ẹ kò sọ fún màmá mi.*

"Kí ni kò sọ fún mi?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá."

"Wò mí lójú. Ṣé ó fọwọ́ kàn ọ́?"

"Rárá o!" Omi lé sójú ọmọ náà. "Tíṣà dáa."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó dáa."

Ìgbà náà ni àwọn ohun tí Mẹ̀dínátù kò kà sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ra wọn lọ́kàn rẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí ọmọ ọdún mẹ́wàá yìí ti ń pẹ́ délé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti jẹun tán kó tó dé. Toheebat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó, ti ń dá jókòó. Ìwé tuntun kan sì wà nínú báàgì rẹ̀ tí Mẹ̀dínátù kò rà. Tíṣà ló fún un. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó da ìborùn borí, ó mú lẹ́tà náà, ó di ilé ìwé. Ó ti pinnu pé bí ọkùnrin yẹn bá fi lè gbójú sá fún òun, àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn.

Abẹ́ igi máńgòrò ló ti bá a níbi tó ti ń máàkì ìwé. Ọkùnrin náà dìde.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Màmá Azeezat, àbí? Ẹ jọra."

Mẹ̀dínátù kò rẹ́rìn-ín. Ó na lẹ́tà náà sí i. "Kí ni ẹ̀yin àti ọmọ mi jọ mọ̀ tí èmi ìyá rẹ̀ ò mọ̀?"

Caleb kà á tán. Kò gbójú sá. "Mo ti sọ fún un, mà, pé bí kò bá sọ fún yín kí n tó lọ, èmi fúnra mi á wá sílé. Azeezat kì í rí ohun tí mo bá kọ sójú pátákó."

"Báwo ni kò ṣe rí i?"

"Bó bá jókòó lẹ́yìn, kò rí nǹkan kan. Toheebat ló ń kà á sí i létí. Mo kọ́kọ́ rò pé aláriwo ni wọ́n. Nígbà tí mo mọ̀, mo mú un wá síwájú. Ohun tí kò bá sì rí kọ, á dúró kọ ọ́ látinú ìwé mi sínú ìwé tuntun tí mo fún un."

Mẹ̀dínátù kò tíì gbà. Ó kọjá sọ́dọ̀ ìyá tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin, ó bi í. Ìyẹn ní kò sí ọjọ́ kan tí òun kò jókòó tì wọ́n lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde. Ó padà síbi igi náà.

"Kí ló dé tí kò lè sọ fún mi?"

Caleb rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ní ojú ìyá yín fọ́ kí wọ́n tó kú. Ó ní ẹ máa ń sunkún tí ẹ bá ń gbàdúrà pé kó má kan ọmọ yín."

Mẹ̀dínátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ọdún mẹ́ta ni Azeezat fi ń fi ọ̀pá fa ìyá àgbà kiri àdúgbò. Mẹ̀dínátù kò mọ̀ pé ọmọ náà ń gbọ́ àdúrà òun.

"Ẹ ṣoore," ó wí nígbẹ̀yìn, "ṣùgbọ́n ẹ ṣàṣìṣe. Oṣù méjì, Tíṣà! Ojú ọmọ mi ni. Àgbà kì í bá ọmọdé fi irú èyí pamọ́ fún ìyá rẹ̀."

"Òótọ́ ni, mà. Ẹ má bínú."

Ó gba lẹ́tà náà padà. "Òun fúnra rẹ̀ ló máa fún yín lọ́la."

Nígbà tí ilé ìwé jáde, Mẹ̀dínátù ń dúró lẹ́nu géètì. Àwọn méjèèjì rìn dé etí títì. Mọ́tò kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Kí ni wọ́n kọ sórí mọ́tò yẹn?"

Azeezat fún ojú méjèèjì pọ̀ kó lè rí i. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó tún wo ọ̀nà.

"Màmá, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mọ́tò ni."

Mẹ̀dínátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Lọ́la, tí o bá ti fún Tíṣà ní lẹ́tà rẹ, a ń lọ rí dókítà ojú."

"Ṣé ẹ máa sunkún?"

Ìyá rẹ̀ gba báàgì rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká.

"Ó ṣeé ṣe. Ìwọ ṣáà máa sọ fún mi."