Obìnrin Inú Fóònù Kóòṣì Ebo

Ní gbogbo Takoradi ní ilẹ̀ Ghana, kò sí ohun tí Ebo Tandoh fẹ́ràn tó kí wọ́n pe òun ní Kóòṣì. Ẹ jẹ́ kí n má fi bò: ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyàwó rẹ̀ lọ, ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀. Tẹ́lẹ̀, Ebo Fíríìjì ni wọ́n ń pè é, nítorí fíríìjì tó bàjẹ́ ló ń tún ṣe lẹ́yìn ọjà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹgbẹ́ amárale àdúgbò wọn ti so fèrè kan mọ́ ọn lọ́rùn pé kó máa darí àwọn ní àràárọ̀ Sátidé, bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní Ebo Fíríìjì, kì í dáhùn. Oníbàárà gan-an ní láti kọ́kọ́ pè é ní Kóòṣì kó tó wo fíríìjì rẹ̀.

Ohun tó fi ń yangàn jù ni pé orin rẹ̀ kì í dúró. Inú fóònù rẹ̀ ni orin náà wà, nínú áàpù kan tó máa ń yọ owó oṣooṣù fúnra rẹ̀ lára owó tó wà lórí fóònù. Ẹni tó bá ń san owó náà, orin tó bá wù ú ni yóò yan, kò sì ní sí ariwo ọjà láàárín. Ẹni tí kò bá san án, áàpù ni yóò máa yan orin fún un, bó ti wu áàpù, yóò sì máa polówó ọjà sí i létí. Ebo a máa fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ gidi. "Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìpolówó ọṣẹ," á ní, "ẹ kú ìyà o!"

Ẹni tó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ ni Fiifi Arhin, nítorí ọ̀fẹ́ ni Fiifi ń gbọ́ tirẹ̀. Fiifi ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ni. Apá rẹ̀ tóbi débi pé ẹ̀wù kì í gbà á, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ra ẹ̀wù ọmọdé ni, n ò lè sọ. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ikùn Ebo ti ń ṣáájú rẹ̀ dé pápá, pé Fiifi ló yẹ kó máa fọn fèrè.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí alága wọn, Antie Aba Mensima. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ti pa àṣẹ fún àwọn aboyún títí ohùn rẹ̀ fi le. Ó ní, "Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nínú ẹgbẹ́ mi. Ebo, ní Sátidé tó ń bọ̀, wá darí wa. Bó bá tẹ́ wa lọ́rùn, fèrè di tìẹ pátápátá. Bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, wàá bọ́ ọ fún Fiifi lójú gbogbo wa."

Ẹ̀rù ba Ebo. Odindi ọ̀sẹ̀ ló fi ń to orin, látorí èyí tó rọra títí dórí èyí tó gbóná. Ó tún ní kí wọ́n lọ tẹ ẹ̀wù tuntun fún ẹgbẹ́, pupa àti dúdú, kí wọ́n lè le lójú bí ọmọ ogun.

Ìyàwó rẹ̀ wo ẹ̀wù náà. "Ebo, aṣọ ọ̀fọ̀ mà nìyí."

"Aṣọ akọni ni."

"Bí mo bá wọ èyí jáde ní Sátidé, wọ́n á bi mí pé ta ló kú."

"Esi, o ò mọ̀ nípa eré ìdárayá. Fi mí sílẹ̀."

Ohun tí kò sọ fún Esi ni pé owó orí fóònù rẹ̀ ló fi tẹ ẹ̀wù náà, kò sì ku nǹkan kan síbẹ̀ nígbà tí áàpù wá gba tirẹ̀. Áàpù kọ ìwé sí i. Ó tún kọ. Ebo rò pé àwọn gbájúẹ̀ tó máa ń sọ fún un pé ó ti jẹ ẹ̀bùn mọ́tò ni, ó sì ń pa á rẹ́ bó ṣe ń dé.

Sátidé pé. Pápá wọn wà létí títì tí àwọn bọ́ọ̀sì aṣọ̀fọ̀ máa ń gbà kọjá, nítorí Sátidé ni ọjọ́ ìsìnkú lọ́dọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ ti pé, gbogbo wọn nínú pupa àti dúdú, àwọn àgbà sì to àga rọ́bà wọn sábẹ́ igi dóńgóyárò. Ebo gbé sípíkà ńlá kalẹ̀, ó so fóònù mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú fóònù. Kò kà á. Ó tẹ "ó dáa", ó sì fọn fèrè.

Orin àkọ́kọ́ dára. Wọ́n sáré lójú kan, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú Ebo dùn, ó ń wo Fiifi láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Ẹ lóṣòó!" ó kígbe. Gbogbo wọn lóṣòó. "Ẹ dúró síbẹ̀! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde!" Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n káàkiri pápá. Antie Aba ti di ojú, ètè rẹ̀ ń mì.

Ibẹ̀ ni orin dákẹ́. Ohùn obìnrin kan, tó tutù, tó dùn, jáde nínú sípíkà.

"Ṣé ẹ̀yìn ń ro yín?"

Àwọn èèyàn wa kì í gbọ́ ìbéèrè látinú sípíkà kí wọ́n má dáhùn. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wọn. Gbogbo ẹnu là lẹ́ẹ̀kan náà: "Ó ń ro wá!"

"Ṣé orúnkún yín ń gbọ̀n?"

"Ó ń gbọ̀n!"

"Ẹ jókòó. Ẹ sinmi. Àgbo Edur Papa ti dé."

Wọ́n jókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n jókòó sórí koríko tútù! Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ lọ nípa egbò igi tó wà nínú àgbo rẹ̀, wọ́n sì ń mirí, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé "àmín". Ebo tẹ fóònù títí ìka fi ń dùn ún. Fóònù sọ fún un pé kò lè fo ìpolówó, pé kó lọ sanwó ná.

"Bra Ebo, ẹ̀gbọ́n wa!" Fiifi kígbe láti ẹ̀yìn. "Ṣé ọṣẹ náà ń bọ̀, àbí àgbo nìkan la máa gbọ́?"

"Ara ètò ni!" Ebo dá a lóhùn, òógùn ń já lójú rẹ̀. "Ẹ dìde, orin ń bọ̀!"

Orin bọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n áàpù ló yàn án. Orin òkú ni, fèrè ńláńlá ń sunkún nínú rẹ̀, ọkùnrin kan sì ń bi ìyá rẹ̀ léèrè pé ta ló fi òun sílẹ̀ fún. Ebo fẹ́ yí i padà, fóònù kọ̀. Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń ṣe níbi ìsìnkú.

Bọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti ṣìnà, wọ́n ti ń wá ilé òkú látàárọ̀. Wọ́n gbọ́ orin. Wọ́n rí pupa àti dúdú, wọ́n rí àwọn àgbà lábẹ́ igi. Kí ni wọ́n tún fẹ́ rí? Bọ́ọ̀sì dúró, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ wọn. Ìyá àgbà kan, Nana Ekua, ló ṣáájú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún bó ti yẹ, wọ́n ń bọ gbogbo ẹgbẹ́ lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan.

"Ẹ kú ìrọ́jú."

"A dúpẹ́ o," ni ẹgbẹ́ ń dáhùn. Kí ni wọn ì bá ṣe? Kò sí ẹni tí í gbá ọwọ́ aṣọ̀fọ̀ dànù ní ilẹ̀ Fante. Fiifi pàápàá bọ wọ́n lọ́wọ́, ó sì sọ orí kodò.

Nígbà tí Nana Ekua dé ọ̀dọ̀ Ebo, ó bá a tó dá dúró níwájú gbogbo èèyàn, Ebo di fèrè ọrùn rẹ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹkún tòótọ́ ni. Ó ti rí ara rẹ̀ bí ó ṣe ń padà di Ebo Fíríìjì.

"Àkọ́bí ni ọ́, àbí?" ìyá náà bi í. "Sunkún, ọmọ mi. Má gbé e sínú. Ó yá, wá bá mi jó o."

Ó fà á lọ́wọ́. Ijó òkú wọn, ìdúró-lóṣòó ni: orúnkún á tẹ̀, ìdí á lọ sísàlẹ̀, èèyàn á sì dúró síbẹ̀ títí orin á fi yí. Bọ́ọ̀sì jó, ẹgbẹ́ jó. Antie Aba lọ sísàlẹ̀ ju bó ti lọ rí lọ. Òógùn bò wọ́n. Ìgbà tí gbogbo wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá ni orin tún dákẹ́.

"Ṣé ẹ̀yìn ń ro yín?"

"Ó ń ro wá!" Àwọn aṣọ̀fọ̀ ló pariwo jù.

Nana Ekua jókòó sórí koríko, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Irú ìsìnkú wo rèé, tí wọ́n ń ta àgbo níbẹ̀? Ẹ̀yin ará ibí, ta gan-an ló kú?"

Antie Aba nìkan ló láyà láti dáhùn. "Nana, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó kú. Eré ìmárale là ń ṣe."

Ìyá àgbà náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó na ọ̀kan, ó ká a, ó tún na èkejì. Ó bú sẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi ṣubú. "Ó ti pẹ́ tí orúnkún yìí ti ká báyìí gbẹ̀yìn! Sátidé tó ń bọ̀, aago mélòó lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n júwe ilé òkú gidi fún bọ́ọ̀sì, ó sì lọ. Antie Aba dìde, ó gbọn koríko nù nídìí. Ebo ti bọ́ fèrè lọ́rùn, ó ń nà án sí Fiifi.

"Dá ọwọ́ ẹ dúró," ni Antie Aba wí. "Fiifi, mo ti rí eré tìẹ, wàá pa wá. Ebo náà ti ń pa wá látọjọ́ yìí, mo kàn ń mú un mọ́ra ni. Òní nìkan ni mo rántí pé mo léèémí. Ẹ lóṣòó, ẹ sinmi, ẹ jó, ẹ tún sinmi! Ta ló kọ́ ẹ ní irú ètò yìí?"

Ebo yára fa fèrè padà. "Èmi... èmi ni mo rò ó fúnra mi, Antie."

"Kú iṣẹ́! Fèrè di tìẹ. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn gbọ́dọ̀ máa bá wa ṣe é."

Ẹ̀yin rò pé Ebo á jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀? Ìgbéraga ò jẹ́ kó sinmi. Kò tíì wẹ̀ tó ti wá owó sórí fóònù, tó sì sanwó áàpù, nítorí gbólóhùn Fiifi nípa ọṣẹ ṣì ń ta á lára.

Sátidé kejì, pápá kún. Nana Ekua wà níwájú, bàtà kánfáàsì funfun lẹ́sẹ̀. Orin Ebo ń dún geerege, ó ń wọ inú ara wọn láìdúró. "Ẹ lóṣòó!" Wọ́n lóṣòó. Orúnkún gbọ̀n. Gbogbo ojú yí sí sípíkà, wọ́n ń retí. Orin ń lọ. Òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Orin ń lọ.

"Kóòṣì," Antie Aba sọ láti ìsàlẹ̀, eyín rẹ̀ pa pọ̀, "obìnrin náà dà?"

"Antie, kò ní wá mọ́. Mo ti sanwó."

"Ta ló rán ẹ?"

"Ta ló rán an o?" ni Nana Ekua gbè é. Fiifi pàápàá, tí itan rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti gbogbo ayé, gbójú sókè. "Bra Ebo, ẹ ṣàánú wa, ẹ jọ̀ọ́."

Antie Aba kò dìde. Ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ síwájú láti ibi tó lóṣòó sí, ó ń dúró kí Ebo fi fèrè lé e lọ́wọ́.

Ebo wo ọwọ́ náà. Ó wo Fiifi. Ó pa orin tó ti sanwó rẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì fa ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti obìnrin.

"Ṣé ẹ̀yìn ń ro yín?"