Àpótí Tó Ń Wo Ẹsẹ̀

Egungun ìka ẹsẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tàn yòò nínú òkùnkùn àpótí náà, wọ́n rí bí ewé tútù tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. "Ó yá, jó!" ni Ìyá Oníbàtà wí. Ọmọbìnrin tó dúró lórí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í mi ìka nínú bàtà tuntun, egungun wẹ́wẹ́ ń lọ sókè sódò, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ tó tẹ ojú mọ́ ihò kejì sì bá a rẹ́rìn-ín. Ihò mẹ́ta ló wà lórí àpótí yìí: ọmọ ló ni ọ̀kan, òbí ló ni èkejì, ẹni tó ń tajà ló ni ẹ̀kẹta. Ìyá Oníbàtà fi ojú lé tirẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún wọ inú ìmọ́lẹ̀ lọ nísàlẹ̀, ó sì fi ìka méjì tẹ imú bàtà náà wò. Egungun ọwọ́ rẹ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ ọlọ́mọ.

"Ó bá a mu rẹ́gí," ni ó wí.

"Ẹ̀rọ ò kúkú ní purọ́," ni ìyá ọmọ dáhùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó lè wo ọwọ́ náà dáadáa, ó ti ki í bọ inú ìbọ̀wọ́ funfun.

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì ra àpótí náà lọ́dún tí Ìyá Oníbàtà ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Nígbà tí ọkọ kú, tó wá ku obìnrin náà àti ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí kan náà ló ní kó fọkàn balẹ̀, ó ní ohun tó bá bọ́ òun yóò bọ́ wọn. Kò yẹ àdéhùn. Ṣọ́ọ̀bù bàtà mẹ́ta ló wà ládùúgbò, ṣùgbọ́n tiwọn nìkan ló lè fi inú ẹsẹ̀ han ẹlẹ́sẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀ á máa fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ gbuurugbu, ó fẹ́ lọ wo egungun. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ilé-ìwé wọlé, bó ṣe rí lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ìlà á gùn dé ẹnu ọ̀nà.

Ọwọ́ náà kọ́kọ́ gbẹ ni, bí ọwọ́ ẹni tó ń fọṣọ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni èékánná di dúdú, tí wọ́n ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, egbò kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ìfábẹ̀lá. Oṣù keje rèé tí kò jinná. Ìpara mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti fi pa á. Kò dùn ún púpọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó máa fi dọ̀la dọ̀tunla. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ kán láti inú ìbọ̀wọ́ sórí bàtà funfun tó ń so fún ọmọ kan. Ó fi etí aṣọ nù ún kí ìyá ọmọ tó rí i. Nígbà tó di ọ̀sán, ó gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó lọ sílé ìwòsàn.

Àgbàlagbà ni dókítà tó bá níbẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò jáde nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi bọ́ ìbọ̀wọ́ obìnrin náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bó ẹyin. Ó mú abẹ́rẹ́ kan. Ìyá Oníbàtà yí ojú sí ògiri, ó ń retí kó gún òun.

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ṣé ẹ ti gún un ni?"

"Mo ti gún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Dókítà gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Bàtà ni mò ń tà, sà."

"Bàtà títà kì í sọ ọwọ́ di báyìí. Kí ló tún wà níbẹ̀?"

Ó sọ fún un nípa àpótí. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí kò sí àlejò tí wọn kì í fi í yangàn fún. Dókítà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá bèèrè iye ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọ inú ìmọ́lẹ̀ náà lójúmọ́.

"Ìgbà ogún. Bí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, ó lè tó ọgọ́rin."

"Láti ọdún mélòó?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Dókítà yọ ọwọ́ òsì jáde, ó gbé e lé orí tábìlì. Àtàńpàkò àti ọmọńdinrín nìkan ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Gbogbo àárín ti lọ, awọ ibẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún púpọ̀.

"Bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni ó wí. "Àwa tí a kọ́kọ́ lo ìmọ́lẹ̀ yìí nílé ìwòsàn, ọwọ́ ara wa la fi ń dán an wò láràárọ̀ ká tó pe aláìsàn wọlé. Bí egungun wa bá hàn kedere, a ó ní ẹ̀rọ ti jí. Ẹ ò rí i, kì í gbóná, kì í rùn, kì í pariwo. Ta ló máa sá fún iná tí kò gbóná?"

Obìnrin náà kò lè gbé ojú kúrò lára ọwọ́ yẹn.

"Ìka méjì gbọ́dọ̀ kúrò lára tiyín, lọ́sẹ̀ yìí," ni dókítà wí. "Bí a bá ṣí i tí a rí i pé àrùn náà ti rìn jìnnà, gbogbo ọwọ́ ni. Mi ò ní tàn yín."

Obìnrin náà mi orí pé òun gbọ́, bí ìgbà tí oníbàárà bá dárúkọ nọ́ńbà bàtà.

"Ẹsẹ̀ ńkọ́, sà? Ẹsẹ̀ ọmọ tó ń dúró lórí ẹ̀?"

"Àwọn tó ń wá ra bàtà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún? Mi ò lè sọ. Kò sẹ́ni tó tíì kà wọ́n."

"Kì í ṣe ọmọ oníbàárà ni mò ń bèèrè."

Ó wá jẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ nílé, ṣọ́ọ̀bù lọmọ ń bọ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Bó bá ti ń sunkún tàbí tó ń tú páálí bàtà kálẹ̀, ìyá á gbé e sórí àpótí, á tẹ bọ́tìnnì, ọmọ á dákẹ́. "Sinimá mi" ni ọmọ náà ń pè é. Ó lè wò ó ní ìgbà mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọdún mẹ́ta gbáko ni, kó tó dàgbà tó ẹni tó lè dá nìkan jókòó nílé. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí. Láti oṣù tó kọjá ló ti ń ráhùn pé bàtà òsì ń fún òun.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo gbé e sórí àpótí, mo wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó. Bàtà ò fún un, sà. Àyè wà níwájú, ó tó ìka kan."

Bírò dókítà dúró lórí ìwé. Kò gbé ojú sókè.

"Ẹ mú un wá lọ́la. Kí n tó dé kẹ́ ẹ ti wà níbí."

"Ṣé mo ti…"

"Ẹ sáà mú un wá."

Bó ṣe rìn padà dé ṣọ́ọ̀bù, kò lè sọ. Ọmọ mẹ́fà ló bá lórí ìlà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti bọ́ sí ipò rẹ̀, ó tẹ̀ ba lórí àpótí pẹ̀lú ìgò ojú rẹ̀ tó ti yọ́ sí góńgó imú, ó ń pariwo pé, "Jó, jó, àbí egungun tìẹ ò mọ̀ ọ́n jó?" Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà gba àárín wọn kọjá lọ sídìí ògiri, ó sì fa wáyà àpótí náà yọ.

"Ó ti kú!" ni ọmọ tó wà lókè kígbe.

"Ìyàwó wa, kí ló dé?"

Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ń wò ó. Ó la ẹnu láti sọ ohun tí dókítà wí. Ó mọ méjì nínú wọn dáadáa; bàtà tí àwọn ọmọ wọn fi kọ́ ìrìn, òun ló tà á fún wọn.

"Ẹ má bínú," ni ó wí. "Ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ n fi igi wọn ẹsẹ̀ wọn."

Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n gbà. Ọ̀kan bèèrè ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe, nítorí àbúrò eléyìí náà ń bọ̀. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi wọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sì lè wo ojú ọ̀kankan nínú wọn.

Nígbà tí ẹni ìkẹyìn jáde, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti le.

"Ọ̀sẹ̀ tí à ń retí látọdún nìyí, o wá pa ẹ̀rọ níwájú oníbàárà."

Obìnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kò tíì rí ọwọ́ náà ní gbangba rí, ó sì gbé ojú kúrò kíá. Obìnrin náà ro ohun tí dókítà wí fún un ní ṣókí, ó ro ti ìka méjì, ó fi ti ọmọ sílẹ̀ ná.

"Dókítà kan ṣoṣo ló sọ bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Tó bá léwu ni, ṣé wọ́n á tà á fún wa? Àwọn tó ṣe é ì bá ti sọ."

"Ẹ bá mi gbé e kúrò lára ògiri."

Wọ́n jọ fà á. Igi rẹ̀ wúwo, ó ń ya ilẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Eruku ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà lẹ́yìn rẹ̀, àti páànù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kan mọ́ ọn. Obìnrin náà fi aṣọ nù ún. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ gun ẹ̀rọ náà ju ìgbà mẹ́ta lọ lóòjọ́, tàbí ìgbà méjìlá lọ́dún.

"Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ mọ̀." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Èmi náà mọ̀. Àwa méjèèjì la jọ kà á lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Ẹ ní torí kí ẹ̀rọ má baà tètè gbó ni. Mo ní ẹ̀rọ wo ló ń ka iye ọmọ, a jọ rẹ́rìn-ín. A wá yí ibẹ̀ sí ògiri kí iwájú lè dára."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Wọ́n dúró síbẹ̀, àpótí wà láàárín wọn. Ní ìta, ẹnì kan ti ilẹ̀kùn wò, ó rí i pé wọ́n ti tì í, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan káàkiri orí káńtà. Àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé okùn bàtà ló mú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó sì gé wáyà náà sí méjì. Ó ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kejì dé ọkàn rẹ̀. Obìnrin náà rí i bó ṣe dé.

"Kékeré," ni ó wí. "Kékeré tiwa ńkọ́?"

"Ọ̀la ni mò ń mú un lọ."

"Èmi náà máa ń gbé e sórí ẹ̀." Ó di etí káńtà mú, kò dìde. "Bó bá ti ní kí n gbé òun, mo máa ń gbé e."

Obìnrin náà mú àpò rẹ̀, ó lọ sílé.

Oòrùn kò tíì wọ̀. Ọmọ náà wà lórí àga ní ẹ̀bá fèrèsé, ó ń gé àwòrán jáde nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà lókè lórí àga kejì. Bàtà òsì ti wà nílẹ̀, ó ti tú okùn rẹ̀ pátápátá.

"Màmá, ẹ tètè dé. Ṣé ẹ bá mi mú òmíràn bọ̀?"

"Rárá. Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹ, jẹ́ n wò ó."

"Ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù ni? Sinimá yẹn á fi hàn yín."

"Ibí náà ni n ó ti wò ó."

Ó kúnlẹ̀. Ó gbé gìgísẹ̀ ọmọ náà lé itan, ó sì fi ọwọ́ òsì, tí kò mọ iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ láti ìka kékeré. Ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín pé ó ń rìn òun ní kókó. Nígbà tó dé abẹ́ kókósẹ̀, níhà inú, ẹ̀rín náà dúró. Ohun kan wà níbẹ̀ lábẹ́ awọ, kò tóbi ju kóró ọsàn lọ. Ó fi àtàńpàkò tì í. Kò yẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn," ni ọmọ náà wí. "Mo sọ fún yín. Ẹ ní àyè wà."

Òótọ́ ni ó sọ. Ìyá rántí ìgbà méjèèjì tó gbé e gorí àpótí lóṣù tó kọjá, bí ẹsẹ̀ náà ṣe nà sílẹ̀ kedere nínú ìmọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀, láti gìgísẹ̀ dé ìka. Ó gbìyànjú láti rántí bí abẹ́ kókósẹ̀ ṣe rí. Kò rí nǹkan kan. Imú bàtà ló ń bọ̀ sí i lójú, àti òkùnkùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín awọ bàtà àti ìka. Ó wá ti orí ọmọ tirẹ̀ kọjá sí ti ọmọ ọlọ́mọ, ti òwúrọ̀ yẹn, ti àná, ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, bóyá ó lè rántí ẹsẹ̀ ẹyọ kan tó wò.

Ó ṣì di ẹsẹ̀ náà mú. Bàtà ló ti ń wò láti ọjọ́ yìí.